Ọ̀pá Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aṣọ ṣe rí, kó yí i padà kó wo inú rẹ̀. Ìyá Tíńtín kò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnì kankan o. Ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti fi ń ránṣọ ló kọ́ ọ. Ìta aṣọ lè máa rẹ́rìn-ín síni, kí inú rẹ̀ sì jẹ́ kìkì òwú jíjá. Torí náà, kò sí aṣọ tó máa rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ yí i síta, kódà kí olùtajà máa bú u.

Bàbá Tíńtín, ọkọ rẹ̀, adìyẹ ló ń sìn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kó kúrò nígboro lọ sóko, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ní òórùn adìyẹ ò jẹ́ káwọn jẹun dáadáa mọ́. Ilẹ̀ oko pọ̀, kò sì wọ́n. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn ni pé odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà, pé òkè alámọ̀ kan sì wà lẹ́yìn odò náà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, odò kékeré á gbàgbé pé kékeré lòun. Katakata aládùúgbò wọn ló ń bá wọn kó ẹyin sódìkejì, ìjókòó kan ṣoṣo ló sì wà lórí katakata, ti ẹni tó ń wà á ni. Mọ́tò pẹlẹbẹ tí wọ́n ní kì í kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó rì. Oṣù márùn-ún lọ́dún ni Ìyá Tíńtín fi ń wà nínú ilé bí àwọn adìyẹ ọkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé òun kì í yé ẹyin.

Bàbá Tíńtín ní òun ò rí ohun tó burú nínú kéèyàn jókòó sílé ara rẹ̀.

Tíńtín fúnra rẹ̀ kò sí lóko. Ọmọ ọdún méje ni, ilé ìwé rẹ̀ wà nígboro, ọ̀dọ̀ ìyá Ìyá Tíńtín ló sì ń gbé. Lẹ́ẹ̀rùn, ìyá rẹ̀ lè rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójò, kò ṣeé ṣe. Òjò èṣí gba ogún ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà gbẹ tán tí Ìyá Tíńtín sáré débẹ̀, ọmọ náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní, “Àǹtí, ẹ káàbọ̀ mà.” Ó wá kọjú sínú ilé, ó pariwo pé, “Màmá, àlejò yín ti dé o!”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ahọ́n ọmọ ló ṣì í sọ. Ìyá Tíńtín náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀yìnkùlé lọ bí ẹni fẹ́ tọ̀, ó sì sunkún níbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Ìyá Tíńtín, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ gan-an ló wá pè é ní Àǹtí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá, torí ìtìjú ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń dá ọkọ rẹ̀ lágara pé kí òjò ọdún yìí tó dé, àwọn gbọ́dọ̀ ra ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Torí mọ́tò lásán, táyà méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Méjì yòókù kàn ń tẹ̀ lé wọn kiri bí àna tó wá jẹun ni.

Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ta àwọn àgbà adìyẹ tí kò yé ẹyin mọ́. Owó náà ò tó ra ìdajì ọkọ̀ tuntun, àmọ́ ó tó ra èyí tó ti rìn jìnnà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì pé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wọ ọgbà tí wọ́n ti ń ta àlòkù ọkọ̀. Òjò kan ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, omi ṣì dúró nínú àwọn kòtò inú ọgbà náà. Ẹni tó ni ọgbà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, torí bàbá náà kì í rìn láìjẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ bí ogójì ń dún wòròwòrò nídìí rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ mẹ́ta hàn wọ́n.

Àkọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kúrú, ó rí bí àpótí, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ṣí.

“Eléyìí ò rẹwà,” ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí, “àmọ́ ẹ wo bó ṣe ga sílẹ̀ tó. Ó lè gun ògiri.”

“Ó ń gbọ̀n jù,” ni Bàbá Tíńtín dáhùn. “Gbogbo ẹyin mi ló máa fọ́.”

“Ọ̀gá, ẹ ò tíì wọ inú rẹ̀ o.”

“Ojú ni mo fi mọ̀ ọ́n.”

Ìkejì jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ní ẹ̀yìn gbangba. Bàbá Tíńtín ní epo ni irú rẹ̀ máa ń mu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó débi ẹ̀kẹta, tó funfun, tó gùn, tí wọ́n ti fi òróró nu ara rẹ̀ títí tó fi ń dán, ó sì gbá a léjìká pẹ́pẹ́.

“Èyí ló bójú mu. Ká mú èyí.”

Ìyá Tíńtín wò ó. Ọkọ òun, tó máa ń ná ata títí aláta á fi gbé igbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò tíì béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo inú, ó rí jíà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

“Èyí tó kúrú yẹn ló jẹ́ ọba,” ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí. “Tẹ́ ẹ bá ti dé inú ẹrẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn, táyà iwájú á dá sí i.”

“Ẹ ní àpò ìrẹsì òfìfo kan níbí?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, màdáámù?”

“Mo fẹ́ dùbúlẹ̀ lé e.”

Ó tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì fi ẹ̀yìn fà wọ abẹ́ rẹ̀. Bàbá Tíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì.

“Dìde nílẹ̀, jọ̀ọ́! O ń dójú tì mí.”

Kò gbọ́. Ó rí i pé àárín abẹ́ ọkọ̀ náà ni ọ̀pá irin méjì ti yọ jáde, ọ̀kan lọ sẹ́yìn láti yí táyà ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ síwájú láti yí táyà iwájú. Ó jáde, ó fa àpò rẹ̀ lọ sábẹ́ ọkọ̀ funfun. Níbẹ̀, ọ̀pá kan lọ sẹ́yìn. Níwájú, kò sí ọ̀pá; ihò kan ló wà níbi tó yẹ kó wà, wọ́n sì ti fi ọ̀rá dí i, wọ́n fi okùn so ó. Okùn náà ṣì mọ́ tónítóní.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bó ṣe yí orí, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti mẹkáníìkì ọgbà náà, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kejì. Abẹ́-Ọkọ̀ ni inagijẹ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè júwe.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Ìyá Tíńtín wí.

“Ẹ káàbọ̀ sílé wa, màdáámù.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá iwájú èyí dà?”

“Ó wà ní búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀. Bóòtù mẹ́jọ péré ló so ó. Ọ̀gá ló ní ká yọ ọ́ níjẹta.”

“Ọ̀gá wo? Bàbá Kọ́kọ́rọ́?”

“Rárá o. Ọ̀gá yín. Wọ́n ní àwọn ò nílò rẹ̀, pé tó bá dọjọ́ Ẹtì àwọn á mú ìyàwó wá wò ó.”

Níjẹta. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ní òun ń lọ ra oúnjẹ adìyẹ.

Ibi tó dùbúlẹ̀ sí, bàtà ọkọ rẹ̀ nìkan ló lè rí. Bàtà náà sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún sún lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Irin ọkọ̀ náà ò ju ìka mẹ́ta lọ sí àyà rẹ̀. Ó ti gbé òjò mẹ́ta nínú ilé yẹn, tó ń fi ojú fèrèsé ka ọjọ́, tó ń rò pé òjò ló há òun mọ́.

Nígbà tó jáde, ẹrẹ̀ ti mú gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ so ó padà,” ló sọ fún Abẹ́-Ọkọ̀. “Mo máa dúró tì yín.”

“Ìyá Tíńtín, kò pọn dandan…”

“Ẹ so ó padà.”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tó ti gbọ́n dàgbà, ní òun ń lọ wá ìwé ọkọ̀, ó sì mú ariwo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Tọkọtaya jókòó sórí àga tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kan, wọ́n ń gbọ́ bí sípánà ṣe ń kan irin. Bóòtù kan wọlé. Èkejì wọlé.

“Mo mọ̀ pé oko yẹn ò wù ọ́,” ni Bàbá Tíńtín wí. Ilẹ̀ ló ń wò. “Bí mo bá ra ọkọ̀ tó lè kọjá odò nígbàkígbà tó bá wù ọ́, lọ́jọ́ kan wàá kọjá, o ò ní padà wá. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ìyá Tíńtín wo ọkùnrin tí wọ́n ti jọ wà fún ọdún mẹ́sàn-án, àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i. Torí kí ọkọ rẹ̀ tó sọ ọ́, kò wá sí i lọ́kàn rí láti lọ. Ọjọ́ Ẹtì lásán ló ń wá, kó lọ mú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé bíi ti àwọn ìyá yòókù. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú rẹ̀, ó ti fa àga, ó ti jókòó, kò sì mọ bí òun ṣe máa lé e jáde.

“Tíńtín ńkọ́?” ló béèrè.

“Kí ló ṣe Tíńtín? Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ló wà. Ara rẹ̀ le.”

Ìyá Tíńtín kọjú sí ibi tí sípánà ti ń dún.

Nígbà tí bóòtù kẹjọ wọlé tí wọ́n sanwó tán, Ìyá Tíńtín na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ kó tó dé ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

“Màdáámù, ṣé ẹ lè wa ọkọ̀ ńlá báyìí?” ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ béèrè.

“Ọkọ̀ búrẹ́dì bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ. Ìyẹn ò ní bíréèkì.”

Wọ́n dé ìkóríta. Apá òsì ló lọ sóko, apá ọ̀tún ló lọ sígboro. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ó yà sí ọ̀tún.

“Níbo là ń lọ? Òjò ń bọ̀!”

“A fẹ́ lọ mú ọmọ yín. Mọ́ńdè ló máa padà.”

Àwọn ọmọ ilé ìwé ń tú jáde nígbà tí wọ́n dé. Tíńtín wà láàárín wọn, báàgì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ó rí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun, ó sáré wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Àǹtí! Ẹ káàsán mà!”

Ó wá rí bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dáwọ́ eré dúró, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọ̀gá ilé ìwé. “Ẹ káàsán sà.”

Bàbá Tíńtín yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Kí ló pè ọ́?”

“Ẹ gbọ́ ọ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti òjò èṣí.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi pé ẹ ti yọ ọ̀pá.”

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí ìjókòó iwájú tó ti kúrò, ó fi bẹ́líìtì dè é, ó tú u, ó tún un dè, torí ó há a láyà jù. Ó wá lọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n yà kí ìyá àgbà, wọ́n kó aṣọ ọmọ, wọ́n sì dorí kọ oko. Òjò dé bá wọn lọ́nà. Nínú ọkọ̀ náà, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tíńtín nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ máa dá mi padà ní Mọ́ńdè lóòótọ́?”

“Mà á dá ẹ padà.”

“Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?”

“Bó tiẹ̀ ń rọ̀.”

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. “Tẹ́ ẹ bá ti wá dá mi padà, ṣé ẹ̀yin á tún padà sóko ni?”

Ìyá Tíńtín gbójú sókè wo dígí. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ojú náà ń wo tirẹ̀, ó ń dúró de èsì bí ọmọ náà ṣe ń dúró dè é. Ó mú ojú rẹ̀ padà sọ́nà.

Wọ́n dé odò. Omi ti pọ́n, ó ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Òkè alámọ̀ wà lódìkejì, ó ń dán. Ìyá Tíńtín dín eré kù. Láti ẹ̀yìn, Bàbá Tíńtín fi ohùn tí kò ròkè sọ̀rọ̀.

“Fa jíà kékeré yẹn.”

Ó ti fà á tipẹ́.