Màmá Tú-u

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé, ì bá wà ní yàrá iwájú ilé Màmá Tú-u lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹbí pé jọ láti ṣe ìrántí rẹ̀. Irọ́ tí wọ́n pa níbẹ̀ pọ̀ débi pé, bí irọ́ bá ń gba àga, àlejò kì bá rí ibi jókòó.

Aránṣọ ni Màmá Tú-u. Láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá yẹn ló ń wà. Píìnì ló ń há sẹ́nu, igun ẹnu kan tó ṣẹ́ kù ló sì fi ń bá aráyé wí. Bí ọmọṣẹ́ bá gbé iṣẹ́ wá, á fi èékánná àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ní, "Tú u." Kò ní ṣàlàyé. Ẹni tó bá ní òun kò rí ibi tó wọ́, á tún un tú lẹ́ẹ̀kejì. Olùkọ́ kan wá ṣàròyé nígbà kan pé ẹ̀wù tí Màmá rán ti ń fún òun. Màmá ní ẹ̀wù ò dẹ́ṣẹ̀, kó lọ bi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ bínú lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà wá, nítorí kò rí aránṣọ mìíràn tí aṣọ rẹ̀ ń jókòó síni lára bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ kejì, àbúrò rẹ̀ ló bí i tó sì kú, ni Màmá bá gbé ìkókó náà pọ̀n, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi tó ẹni tó ń dá ẹ̀rọ tẹ̀. Kékeré ló ń pè é. Kékeré ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, òun náà ti di ọ̀gá aránṣọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Nínú ilé náà, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni ọmọ, èwo ni ọmọ àbúrò. Èébú kan náà ni àwọn méjèèjì jọ jẹ, wọ́n sì jọ yó.

Àfi ìgbà tí Màmá kú tí Bọ̀ọ̀dá dé. Bọ̀ọ̀dá ni ọmọ bíbí inú, ọ̀gá ńlá ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ó pe Kékeré sí kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ lé e léjìká, ó ní níwọ̀n ìgbà tí Màmá ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ohun tó bójú mu ni kí ọmọ bíbí inú wọn sọ̀rọ̀ níbi ìrántí, kí Kékeré máa bójú tó àga. Bí ẹni ń ṣe é lóore ló ṣe sọ ọ́. Kékeré ní kò burú, ó lọ to àga. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú egungun. Ta ló ń wẹ Màmá nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Ta ló ń gba "tú u" títí ó fi ku ọ̀la tí Màmá máa kú?

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín: ẹ wá wo àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Nínú fọ́tò Màmá tó dára jù, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kò bójú mu, kí onífọ́tò yọ ọ́ kúrò. Onífọ́tò yọ píìnì, ó yọ ètè mọ́ ọn, ló bá wá ẹnu mìíràn fún un, ẹnu kan báyìí tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi ti ẹni tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín. Ìyá arúgbó tó ń gbé òdìkejì títì wò ó títí, ó wá rọra bi Kékeré pé ṣé ẹ̀gbọ́n Màmá nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá dìde, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í bínú. Olùkọ́ ẹlẹ́wù fífún wúkọ́. Ó ní ìyá òun kò fi ohùn líle bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí. Àwọn ọmọṣẹ́ àtijọ́ tẹjú mọ́lẹ̀, ọ̀kan ki etí ìborùn bọ ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohunkóhun tí òun bá ti ṣe ló ń tẹ́ ìyá òun lọ́rùn. Kékeré rántí ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá fẹ́ lọ fojú hàn fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, tó ra kóòtù olówó ńlá. Màmá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èékánná tọ èjìká, ó bọ́ kóòtù lọ́rùn rẹ̀, ó sì já apá aṣọ náà méjèèjì sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Géńdé ọkùnrin sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí Màmá tún un rán tán tó sì wọ̀ ọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Inú ti ń bí Kékeré, ó ti ń ṣa èébú jọ, kó tó wá rí kóòtù tó wà lọ́rùn Bọ̀ọ̀dá lónìí. Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ, èjìká sì wọ́. Láti òwúrọ̀ ló ti ń gbé e kiri báyẹn níwájú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹni tó máa ń sọ fún un ti lọ. Àánú rẹ̀ ṣe Kékeré, àánú ara rẹ̀ náà ṣe é, àárò Màmá sì sọ ọ́.

Ó dìde láàárín àga tó tò, ó rìn lọ bá a. Bọ̀ọ̀dá gbójú kúrò nínú ìwé rẹ̀. Kékeré fi èékánná àtàǹpàkò tọ ojú rírán èjìká náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ bọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá," ló wí. "A máa tú u."

Bọ̀ọ̀dá wo èjìká ara rẹ̀, ó wo ẹnu àjèjì tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri, ó wo Kékeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè é pé Màmá kú, kò tíì sunkún. Ó bọ́ kóòtù, ó nà án sí Kékeré, ó sì ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ sápò ṣòkòtò.

"Ìyá wa máa ń bínú o," ó ní, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá èmi àti Kékeré. Ẹnu wọn mú ju píìnì tó wà nínú rẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ ti nawọ́ sókè pé òun ní ìtàn ẹ̀wù kan láti sọ. Wọ́n ní kó fara balẹ̀ ná, kí ọmọ Màmá kejì kọ́kọ́ wá sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Kékeré ti jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, abẹ lọ́wọ́, kóòtù lórí itan. Píìnì ti kún ẹnu rẹ̀, kò lè dá wọn lóhùn.