Ẹni Tó Wa Katakata Alhaji

Ọjọ́ tí Ọlámidé yọ sí àgbàlá àwọn Shittu ní Ìkòsì, ó ku díẹ̀ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá fi gáàsì gé katakata Alhaji wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mutolib, àkọ́bí ilé, ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí katakata náà wà, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Irin tó ti wà lójú kan láti ìgbà tí irùngbọ̀n Mutolib kò tíì hù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Hàlímátù, ìyàwó kejì olóògbé Alhaji, jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára ẹ̀wà. Òun ló wa katakata yẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ títí dé etí odò Ògùn, Alhaji já bọ́ lórí ọ̀pẹ, orúnkún rẹ̀ gan, kò lè tẹ kilọ́ọ̀ṣì mọ́. Bẹ́ẹ̀, òfin ẹbí ni pé ilẹ̀ tí ọkùnrin kan kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ro, wọn á gbà á fún ẹni tó lè ro ó. Ni Hàlímátù bá wọ kóòtù ọkọ rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó ń lọ tú ilẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ojú ọjọ́ tó là tán. Àwọn tó ń kọjá lókèèrè á ní, "Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o." Òun náà á kàn juwọ́ sí wọn.

Ó ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnu òun kọ́ layé ti máa gbọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ìlú ń yin Alhaji, akíkanjú àgbẹ̀, Hàlímátù ń bá wọn ṣe àmín. Kò bínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé irin yẹn lónìí, ẹlẹ́rìí rẹ̀ kan ṣoṣo lọ nìyẹn, ó sì dùn ún.

Ọlámidé ní tirẹ̀, ará Mende ni, ó ti fẹ̀yìn tì ní báńkì, àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni katakata àtijọ́. Ó ń kó wọn jọ sábẹ́ páànù ńlá kan lọ́nà Ìkòròdú káwọn ọmọléèwé lè máa wá wò wọ́n. Ata ló wá rà ní Mile 12. Ó gba ẹ̀yìn ilé wọn, ó rí imú katakata níbi tí ògiri ti wó, ó gbàgbé ata. Tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó nà gbalaja sábẹ́ irin.

"Ọ̀gá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," Mutolib wí. "Ó ti spoil tipẹ́. Ẹ wo steering, wọ́n yọ ọ́ níwájú, wọ́n lọ tì í bọ ẹ̀gbẹ́."

Ọlámidé rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń start ẹ̀ nìyẹn. Lanz Bulldog ni, ará Jámánì. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á fi iná yan imú ẹ̀ kó gbóná dáadáa, wọ́n á ti steering bọ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa fi yí ẹ́ńjìnnì títí á fi jí. Písítínì kan péré ló ní, ó sì tó garawa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ẹ̀, my brother."

Ó jáde, ó ń gbọn eruku, ó wo ibi ìtẹ̀sẹ̀ pẹ́. "Ta ló wà á?"

"Daddy wa ni."

"Ṣé wọn ò ga ni?"

"Daddy? Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ni."

"Ẹ wá wo nǹkan." Ègé ìrókò kan wà lórí kilọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é, àárín rẹ̀ ti jẹ. "Wọ́n tún fa àga síwájú. Ẹni tó ga ò lè jókòó síbí. Ẹni kúkúrú ló wa katakata yìí, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹsẹ̀ ṣe jẹ igi yìí, ẹsẹ̀ kékeré."

Mutolib wo igi, ó wo Hàlímátù. Ìyá náà ti gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó rìn dé ìdí irin, ó na ọwọ́ sí àlejò. "Ọmọ mi, fà mí sókè." Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí igi náà láìwo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ibi tí igi ti jẹ gẹ́lẹ́.

Mutolib yí ojú ká ilé, yàrá àwọn ayálégbé, àti ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbà. "Mummy, gbogbo ilẹ̀ tá a jogún yìí…" Mutolib ní ìwà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹni tá a ṣe lóore tí kò ní dúpẹ́, tá á dà bí olè tó kó ni lẹ́rù lọ. Ẹni ọgọ́ta ọdún dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Ẹ ṣé, Mummy. Ẹ ṣé gan-an."

Omi bọ́ lójú Hàlímátù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ de igi yẹn fún un, ó wá gbé ọwọ́ lé Ọlámidé lórí, ó ṣàdúrà fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Mutolib pe àwọn oní-irin pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Ó ní kí Ọlámidé máa gbé katakata lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú ẹ̀. Ọlámidé ní òun máa ń kọ orúkọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣé kí òun kọ Alhaji Shittu?

"Rárá," Mutolib wí. "Orúkọ Daddy ti wà lára títì, ó ti wà lára mọ́ṣáláṣí. Ẹ kọ Hàlímátù."