Ìlù Tó Ń Gbe Ikọ́ Màmá

Màmá wúkọ́ nínú yàrá, ìlù mẹ́jọ sì gbè é. Ṣààà! Àfi bí ìgbà tí wọ́n da yanrìn sórí páànù.

"Ẹ tún gbọ́, àbí?" Ìtùnú ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀. Sátidé ìmọ́tótó ni, lóṣù Kẹta 1991, ó sì ti di ọjọ́ karùn-ún tí kò sùn dáadáa. "Bàbá Ìrètí, bí ìyá mi bá wúkọ́, àwọn ìlù yín á pariwo. Bí wọ́n bá ti pariwo, Màmá á jí, wọ́n á tún wúkọ́. Ẹ kó àwọn ìlù yìí síta, kí wọ́n bá ìdọ̀tí lọ!"

Agara ti dá Bámidélé, ọkọ rẹ̀, náà. Olùkọ́ ni, ilé oníyàrá méjì ni wọ́n sì ń gbé ní Tanke. Ìlù Bìrìgéèdì ló kún yàrá kejì tí Màmá ń sùn, àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọrùn, tí wáyà tín-ín-rín wà lábẹ́ wọn. Wáyà yìí ló máa ń gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́. Lọ́dọ̀ Wàhábì tó ń ta àlòkù l'Ọ́jà Tuntun ló ti ń rà wọ́n ní pọ́ọ́kú, àwọn èyí tó ti dípẹtà, tí ẹnikẹ́ni ò yà sí. Ìtùnú kò bá a jà lórí wọn rí, àfìgbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ dé láti Ọ̀mù-Àrán.

Ní Ọ̀mù-Àrán kan náà ni Bámidélé ti lu irú ìlù yìí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá nínú Bìrìgéèdì, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin ìjọ wọn. Ọ̀gá wọn a máa kìlọ̀ pé, "Tí ẹ bá lù tán, ẹ dẹ wáyà, kí ìlù sinmi." Lọ́jọ́ ìsìnkú àgbà ìjọ kan, ó gbàgbé. Gbogbo ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún olóògbé, ẹnìkan sín, ìlù Bámidélé sì dá a lóhùn. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dùn ún títí dòní. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó tún gbàgbé ohun kan náà!

"Mi ò ní kó wọn dà nù," ó ní. "Màá dẹ wáyà wọn."

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o. Tí mo bá tún gbọ́ ṣààà kan ṣoṣo, ààtàn ni."

Bámidélé wọ yàrá Màmá. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ má bínú."

Ó dẹ méje. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń dẹ wáyà ìkẹjọ ti dípẹtà, kò yí. Ìlù náà ló sì jọ ti ìgbà èwe rẹ̀ jù lọ. Ó mú pínsà, ó gé wáyà náà, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Wọ́n ti dákẹ́?" Màmá bi í.

"Wọ́n ti dákẹ́, Màmá."

Ilé rọ̀. Ìtùnú jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Kò pẹ́ tó fi dìde, ó yọjú sí yàrá, ó padà wá. Ó tún dìde. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ rẹ̀ ní, "Kí ló dé? Ṣebí wọ́n ti sùn."

"Wọ́n ti sùn." Ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ikọ́ wọn ò lágbára mọ́, kì í dé kíṣìnì. Àwọn ìlù yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé Màmá ṣì wà. Bàbá Ìrètí, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ di wáyà ẹyọ kan padà."

Bámidélé gbé èyí tí ohùn rẹ̀ kéré jù sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó di wáyà rẹ̀ díẹ̀. Ó padà wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń retí ikọ́.