Ohun Tó Wà Lára Ògiri

Skúrù kẹsàn-án ni gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń tú lọ́wọ́ nígbà tí alágbàtà ilé já wọlé.

"Bàbá, ẹ dáwọ́ dúró! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà wà lábẹ́ tábìlì. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, èérún ògiri sì ń dà sí i lójú.

"Mò ń tú tábìlì ìyàwó mi."

"Ẹ ò lè tú u."

"Èmi ni mo kàn án. Ta ló tún mọ̀ ọ́n tú jù mí lọ?"

"Mi ò sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n tú, bàbá. Mo ní kò sí àyè ẹ̀."

Alágbàtà náà kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn kí èérún má bàa bà á jẹ́. Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìwé àdéhùn yọ, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta.

"Ẹ wò ó. Ohunkóhun tí wọ́n bá kàn mọ́ ara ògiri, ti ẹni tó ra ilé ni. Ọwọ́ yín rèé. Ọwọ́ ìyá náà rèé."

Gbẹ́nàgbẹ́nà jáde lábẹ́ tábìlì, ó nu ojú, ó wo ìwé náà. Òun ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n fi ibi tí òun máa kọ orúkọ sí han òun. Wọ́n fi hàn án, ó kọ ọ́. Kò kà á.

Ó wo ilé yí ká. Kọ́bọ́ọ̀dù wà lára ògiri. Pẹpẹ ìwé wà lára ògiri. Àga gígùn inú pálọ̀ wà lára ògiri, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbé ibẹ̀, kò sì ṣe ohun kan sínú ilé náà tí kò kàn mọ́ nǹkan. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹni tí kò bá kan ẹrù rẹ̀ mọ́ ògiri kò tíì pinnu pé òun máa gbé inú ilé náà. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Kànánmógiri. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ náà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi kì í jókòó pẹ́ lójú kan nínú ilé yẹn o. Kí ọkùnrin yìí má lọ kan èmi náà mọ́ ògiri." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹrù tí wọ́n ti kó sẹ́nu ọ̀nà kò ju ìkòkò mẹ́rin, àpótí aṣọ méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti àga oníke méjì. Ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n ti ń pè ní Dúdú láti kékeré, ti yà kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ló ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí àwọn òbí òun dín ẹrù kù kí ayé lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó dúró ti ẹrù náà, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Èwo la tún fẹ́ dín níbí yìí? Bí ẹ bá tún dín in, ẹ̀yin méjèèjì ló kù."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí i.

Báńkì ló yá wọn lówó tí wọ́n fi ra ilé náà. Wọ́n san án fún ọdún mọ́kànlá, ó wá ku ọdún mẹ́rin. Owó oṣooṣù náà wúwo, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí i san. Ìyàwó ń ránṣọ, ọkọ ń kan igi. Ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ báńkì kan pe gbẹ́nàgbẹ́nà sí ọ́fíìsì. Ó fún un ní omi tútù mu. Ó ní àwọn lè fi ẹ̀yáwó tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́. Owó oṣooṣù á dín sí ìdajì, owó tó jọjú á sì tún bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa fi san tuntun yìí.

Ẹ̀rọ ìlagi ńlá kan ti wọ gbẹ́nàgbẹ́nà lójú nígbà náà. Ilé ìwé kan ń fẹ́ kó máa ṣe àga fún àwọn, ọwọ́ nìkan kò sì lè ká a. Ó gba owó náà, ó ra ẹ̀rọ. Ó ṣe àga fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹta, ilé ìwé lọ ra àga oníke ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ dúró. Gbèsè kò dúró. Ó ta ẹ̀rọ náà ní ìdajì iye tó rà á, ó ta ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Nígbà tó fi máa di pé wọ́n gbé ilé sọ́jà, ó ṣì ku ọdún méje. Ká ní wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ilé náà ì bá ti di tiwọn láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó máa ń ṣírò rẹ̀ nígbà tó bá ń fá irùngbọ̀n. Ìṣirò náà kì í yí padà.

Ó ti rí yàrá méjì kan tí wọ́n lè háyà ní òpópónà kejì sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ó fi han ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó yẹ ibẹ̀ wò, ó ṣí fèrèsé, ó tún pa á dé.

"Bàbá Dúdú, bí tábìlì mi bá lè dé ibí, èmi náà á bá yín débí. Bí kò bá lè dé ibí, màá lọ máa gbé lọ́dọ̀ Dúdú. Ó ní yàrá kan tó ṣófo."

Orí tábìlì náà ló ti ń gé aṣọ láti ọdún tí wọ́n ti dé inú ilé náà. Ọkọ gbà pé ọ̀rọ̀ tán. Skúrù mẹ́rìndínlógún ni. Kí ló le níbẹ̀?

Ọjọ́ tí wọ́n máa kó jáde wá pé, alágbàtà sì dúró sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

"Ta ló ra ilé yìí?" gbẹ́nàgbẹ́nà bi í.

"Nọ́ọ̀sì kan ni."

"Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Bàbá, a kì í..."

"Mo ní níbo?"

Alágbàtà sọ ọ́ fún un.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré ni. Ó sọ fún wọn pé òun ló ni ilé tí nọ́ọ̀sì náà rà, wọ́n ní kó jókòó dúró. Bẹ́ǹṣì tó jókòó lé ń mì, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó ká ìwé kan tó bá nílẹ̀, ó fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ náà, bẹ́ǹṣì sì dúró. Obìnrin aláboyún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ó ti ń fi mí ṣe eré jangirọ́fà látàárọ̀."

Nọ́ọ̀sì jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ṣé kò sí o? Ṣé ilé ò jò?"

"Kò jò. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá ẹ̀yìn."

"Háà, mo mọ̀ ọ́n! Ilé mẹ́sàn-án la ti wò kí a tó dé tiyín. Mo fọwọ́ lé tábìlì yẹn, mo sọ fún ọkọ mi pé ìwákiri tán. Ta ló ṣe é fún yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ti ro ohun púpọ̀ tó máa sọ lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ti ìyàwó mi ni," ó ní. "Bí mi ò bá mú un lọ, kò ní bá mi lọ."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú.

"Ṣé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ mú un, bàbá. Màá pe alágbàtà. Bí ògiri bá bó, ẹ ṣáà bá mi kùn ún."

"Ẹ ṣé."

Ó rìn padà bí ẹni tí wọ́n gbé orúnkún tuntun fún. Nígbà tó délé, alágbàtà ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ oníbàárà sínú àpò.

"Ó ní ká máa mú un lọ."

"Mú kí ni lọ?"

"Tábìlì. Mo bá ẹni tó ra ilé sọ̀rọ̀. Ó yọ̀ǹda rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga oníke kan, ó jókòó.

"Ta ló ní kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Ṣebí ìwọ lo ní bí tábìlì bá lè lọ..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

Ó na ọwọ́ sínú àpò tó ń kó òwú sí, ó mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn tirẹ̀ jáde. Ó ti fi òwú pupa sàmì sí ojú ewé kẹta.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ìwé yìí kí n tó fọwọ́ sí i," ó ní. "Mo ti kà á tán kí n tó bá yín sọ ọ̀rọ̀ tábìlì. Mo mọ̀ pé kò lè lọ."

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó wọ gbẹ́nàgbẹ́nà létí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó jókòó sórí àga kejì.

"O kúkú lè sọ pé o ò lọ."

"Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ ti ta ẹ̀rọ yín, ẹ ti ta ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní kí ìwé bá mi sọ ọ́."

"Mo lè ra tábìlì mìíràn."

"Mo mọ̀ pé ẹ lè rà á. Tábìlì kọ́, Bàbá Dúdú." Ó ń wé òwú pupa náà mọ́ ìka. "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé ìwé báńkì wá fún mi? Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i. Mo bi yín pé ọdún mélòó la máa fi san án. Ẹ ní owó oṣooṣù á dín sí ìdajì."

"Mo rántí."

"Ọdún ni mo bi yín. Oṣù lẹ fi dá mi lóhùn. Mo sì fọwọ́ sí i, nítorí pé ẹ̀yin ni."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ilẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ìbéèrè náà lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, obìnrin náà á gbé bírò sílẹ̀, kò sì ní gbé e mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dárúkọ oṣù.

"Mi ò bá yín jà," ìyàwó rẹ̀ ní. "Bí mo bá fẹ́ jà, ǹ bá ti jà. Ó kàn ti sú mi kí n máa gbé inú ilé tí mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Lọ́dọ̀ Dúdú, kò síwèé kankan. Yàrá kan ni, ilẹ̀kùn kan."

Ó yẹ kí ọkọ sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ, ó sì mọ̀ pé obìnrin tó jókòó síwájú òun yìí ń dúró dè é, nítorí kò dìde, kò sì wo ibòmíràn.

"Aago mélòó ni Dúdú ń bọ̀ wá gbé ẹ?" ó bi í.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i.

"Aago mẹ́rin," ó ní, ó sì dìde.

Ó ku bí wákàtí kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà tún wọ abẹ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá skúrù padà sínú ihò wọn. Kò pẹ́ tó fi rí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nítòsí, tó rí ọwọ́ tó na skúrù sí i. Bó ti ń yí i wọlé ni ọwọ́ náà ń gbé òmíràn wá.

"Ẹ dì í dáadáa o," ó ní láti òkè. "Ohun olóhun ni."

"Mò ń dì í."

"Ẹ rọra fi orúnkún yẹn kúnlẹ̀."

"Ó dára."

Dúdú dé ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé àpótí kan lé e, wọ́n kó ìkòkò méjì. Ìyá rẹ̀ pín àga oníke náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dúdú wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ dápàárá, ó tún pa á dé.

"Bàbá, ṣé ẹ máa wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú?"

"Màá wá."

"Ẹ má gbàgbé oògùn orúnkún yín," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ó wà nínú àpótí yín, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ọkọ̀ náà yí po, ó lọ.

Alágbàtà wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó gbá a bóyá á mì. Kò mì. Ó ní nọ́ọ̀sì ti fi tábìlì náà sílẹ̀ fún wọn, ṣé wọn kò tún fẹ́ ẹ mọ́ ni? Gbẹ́nàgbẹ́nà ní wọn kò fẹ́ ẹ mọ́.

Ó gbé àpótí tirẹ̀, ó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Onílé yàrá méjì náà ń gbálẹ̀ níwájú ilé nígbà tó débẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ìyá ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ wa. Yàrá kan ti tó."

Onílé gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan kúrò lára ìdì kọ́kọ́rọ́, ó fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, báńkì yọ gbogbo gbèsè tó kù kúrò nínú owó tí wọ́n ta ilé náà. Ohun tó ṣẹ́ kù tó owó háyà yàrá kan fún ọdún mẹ́fà.