Kànga Ẹ̀yìnkùlé

Dókítà Omi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Olùwádìí ni obìnrin náà ní yunifásítì, omi ló sì ń wádìí. Ó ti ṣàlàyé títí, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o, pé ìwé lòun fi di dókítà. Wọn ò gbọ́. Bó bá ti wálé báyìí, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á dé, ẹni tí orúnkún ń ro á tẹ̀lé e, bàbá rẹ̀ á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Agbẹ́kànga ni bàbá yìí kí ara tó di ara àgbà. Kànga tó gbẹ́ lágbègbè náà kò lóǹkà, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ló fi ń yangàn. Ọdún tó gbé ìyàwó wọlé ló gbẹ́ ẹ. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó náà, ọkọ sì búra pé ìyàwó òun ò ní máa ru omi láti òkèèrè nígbà tóun ṣì lápá. Ó gbẹ́ títí ó fi kan àpáta, ó fọ́ àpáta náà, omi sì tú jáde, ó mọ́ gaara, ó tutù nini. Ẹ̀ẹ̀rùn ò gbẹ ẹ́ rí. Gbogbo òpópónà ń pọn ọ́n, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ìyá ti kú ṣáájú ohun tí à ń sọ yìí. Ẹ̀dọ̀ ló pa á, obìnrin tí kò fi ọtí kan ètè. Àwọn oníṣègùn ò mọ ohun tó ba ẹ̀dọ̀ náà jẹ́, wọ́n kàn ní kí ẹbí gba kámú. Ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ń rántí rẹ̀ jù ni ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le koko, ó yọ kókó wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n bá fọ́n iyanrìn sábẹ́ awọ. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí káfíńtà bá wá yá ọwọ́ ìyàwó òun fi họ pákó, òun á yá a. Ìyá á ní ọṣẹ àti aṣọ ìdọ̀tí àwọn èèyàn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì: Dókítà Omi, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Alámọ̀, torí kò sí ọjọ́ tí amọ̀ kì í sí lára ṣòkòtò rẹ̀. Ìkòkò asẹ́ ni wọ́n ń ṣe, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ irin lílọ̀ tó ti dípẹtà, kí àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá ibi ìwakùsà lè máa fi sẹ́ omi wọn. Oró kan tó ń jẹ́ ásẹ́níìkì wà nínú omi ibẹ̀. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í sì í pani lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹni lọ. Wọ́n wá nílò omi tó mọ́ tí wọ́n á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò mọ́, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Dókítà Omi ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá a jìnnà.

Bàbá rẹ̀ ló fa omi náà fún un. Inú rẹ̀ dùn pé kànga òun ń lọ sí yunifásítì, òun tí kò débẹ̀ rí.

Nígbà tí ẹ̀rọ gbé èsì jáde, Alámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnì kan ti pààrọ̀ ìgò síra wọn. Wọ́n fọ ìgò, wọ́n tún un ṣe. Obìnrin náà padà sílé, ó gbé omi mìíràn wá, ó dé e fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èsì kan náà ni. Omi ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ burú ju ti ibi ìwakùsà lọ. Kò sẹ́ni tó da oró sínú rẹ̀. Inú àpáta tí bàbá fọ́ ló ti ń sun jáde.

Alámọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ọdọọdún ló ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó ń kọ́ wọn ní àmì tí a fi ń mọ ẹni tí oró yìí ti wọ̀ lára: àtẹ́lẹwọ́ á le, á yọ kókó wínníwínní, bó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀ lè bà jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó ń fi òróró ra á, kò sì mọ ohun tó dì mú.

Ọ̀gá rẹ̀ fà á mọ́ra. "Lọ bá bàbá rẹ," ló wí. "Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì."

Ó bá bàbá lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń so okùn tuntun mọ́ garawa tí wọ́n fi ń fami. Ó jókòó tì í, ó rọra ń sọ ọ́, ó ń yí po: ó sọ ti àpáta, ó sọ ti ẹ̀rọ, ó sọ bó ṣe jẹ́ pé ojú ò lè rí oró náà. Nígbà tó parí, bàbá gbé okùn sílẹ̀.

"Ọwọ́ ìyá rẹ ńkọ́?" ló bi í.

Ọmọ ti ń retí ìbéèrè yìí láti ìgbà tó ti gbéra, ó sì ti ń wá irọ́ kan tó lè gba òun sílẹ̀. Kò rí.

"Òun náà ni, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kànga. "Èmi ni mo bu ife àkọ́kọ́ fún un," ló wí.

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá. Èmi tí mo ń fi ìmọ̀ omi jẹun gan-an, mi ò mọ̀."

Ẹkún ti ń mi ọmọ rẹ̀ jìgìjìgì. Bàbá nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi pa á lẹ́yìn, ó wo ọwọ́ tó fi gbẹ́ kànga náà, ó sì fà á padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá dé fìlà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọmọ fẹ́ bá a lọ, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó pe èèyàn wá jẹun ló yẹ kó lọ sọ fún wọn pé májèlé wà nínú abọ́. Àwọn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ìwé àpọ̀jù ló ń da ọmọ rẹ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n aránṣọ ilé kejì, tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti pa ọkọ rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bú u, kò sunkún, ó kàn rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò kí bàbá mọ́. Ìyẹn ló wọ bàbá lára jù.

Iṣẹ́ àwọn olùwádìí yọrí sí rere, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Alámọ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, wọ́n gbé ìkòkò asẹ́ sí ilé gbogbo, omi tó ń kán jáde nínú rẹ̀ kò sì ní oró mọ́. Wọ́n yẹ ara gbogbo èèyàn wò. Àwọn ọmọdé tí oró náà ò tíì wọ̀ lára púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn. Àwọn ẹni ńlá wá wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ní kí bàbá wá dúró lẹ́bàá kànga, ó ní oorun ń kun òun, ó sì wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n ń yin ọmọ rẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnu lásán lọmọ náà fi ń dúpẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn tí bàbá pa dé.

Bàbá nìkan ni kò mu omi kànga náà mọ́. Òun tó ti gbó yìí, àdúgbò mìíràn tó jìnnà ló ti ń lọ pọn omi ẹ̀rọ ìjọba. Ọmọ rẹ̀ bu omi tí wọ́n ti sẹ́, ó mu ún lójú rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́.

"Mo mọ̀ pé ó ti mọ́," ni bàbá wí. "Ìwọ lo ṣe é, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ọ̀fun mi ni ò gbà á."

Ni ọmọ bá yéé bẹ̀ ẹ́. Báyìí, bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, á gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, á tẹ̀lé bàbá. Bàbá kì í jẹ́ kó gba èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n á tò sórí ìlà láàárín àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, bí omi ṣe ń rọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, bàbá sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, èyí tí kò ṣe láti ìgbà tí àṣírí náà ti tú.

"Ó máa ń sọ pé kò sómi tó dùn tó ti kànga náà," ló wí.

"Ó dùn lóòótọ́, Bàbá."

Bàbá dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó yí i le dáadáa, ó sì sún sẹ́yìn kí ọmọ rẹ̀ lè gbé tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ.