Omi Tí Mo Fi Ìfẹ́ Bù

Ọjọ́ keje ààwẹ̀ Ọládọ̀tun ni ó wò mí lójú, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sisí, ta lẹ ń wá?"

Èmi Títílayọ̀! Èmi tí ó ń tìtorí mi gbààwẹ̀! Bàbá mi ní ó di ọjọ́ Sunday kí òun tó sọ bóyá òun á fún tíṣà lásánlàsàn lọ́mọ, ni olólùfẹ́ mi bá pa oúnjẹ tì. Omi àdúrà nìkan ló ń mu. Wòlíì ìjọ wa ní Èrìjìyàn ní kí ó máa mu ife kan lẹ́yìn àdúrà kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo sọ ife di jọ́ọ̀gì. Mo rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni ìdáhùn á ṣe yá tó. Bó bá ní ó tó, mà á ní, "Mu ún nítorí mi, ọkàn mi." Á sì mu ún.

Kí n tó lanu, ojú rẹ̀ yí sókè, gìrì gbé e. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé.

"Mo gbé o! Wọ́n ti ṣe ọmọ mi! Bàbá rẹ ni, Títí, bàbá rẹ ni!"

Ohun tí mo mọ̀ kò ju kí n tún bu omi lọ. Eyín rẹ̀ tó dì pinpin ni kò jẹ́ kó wọlé.

Mọ́tò Jímọ̀ aládùúgbò wọn ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ tó dá gìrì dúró. Dókítà Oyèwọlé kò bèèrè ọ̀tá.

"Kí ló jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan, sà. Omi ni."

"Omi tó tó mélòó?"

"Jọ́ọ̀gì mẹ́jọ lójúmọ́, sà."

"Mẹ́jọ! Ta ló ń bù ú fún un?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà ní iyọ̀ inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, omi ti là á, ọpọlọ rẹ̀ sì ti wú. Wọ́n fa omi iyọ̀ tó le sí i lára, díẹ̀díẹ̀. "Bí a bá sáré dá iyọ̀ náà padà, a ó ba ọpọlọ náà jẹ́. Ẹ má fún un lómi o."

Ìyá rẹ̀ kò gbá mi létí. Ìbá sàn kó gbá mi.

Ní àárọ̀ Sunday, ojú olólùfẹ́ mi là. "Títí." Orúkọ mi! "Títí mi, bu omi fún mi."

Ètè rẹ̀ ti bó. Jọ́ọ̀gì wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"O ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. N kò níí bù ú."

Àfi bí mo ṣe kọlu bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba jọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ mi.

"Padà lọ jókòó ti ọkọ rẹ," ó ní. "Èmi ni n ó da omi yìí nù."