Ọmọ Mi Lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ohun tó bá ń rí èèyàn lára, kì í ṣeé gbé mì. Ẹ jẹ́ n yáa bì í.

Onígbàjámọ̀ ni mí, ojú kan ni mo fi ń ríran. Ọmọ àbúrò mi ni ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wádìí ìdí táwọn olè fi ń jalè. Ẹlòmíì ń ta aṣọ là, èyí ń fi ọ̀rọ̀ olè là. Nígbà tọ́mọ tèmi wà lẹ́wọ̀n torí olè, ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń lọ kí i, mo rò pé ẹbí ló ń ṣe. Á tún wá gẹrun lọ́dọ̀ mi, á ní, "Bàbá, báwo lọmọ yẹn ṣe rí ní kékeré?" Mo ń rò ó fún un, ọmọ ẹni kúkú ni.

Ọmọ mi jáde, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì kan. Ìyá yẹn ò mọ̀ pó ṣẹ̀wọ̀n rí. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló dì mú láyé.

Ni wọ́n bá ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, kí ayé gbọ́ ohun tó ti ń wádìí látọjọ́ yìí. Ìyá oníbúrẹ́dì ló gba iṣẹ́ ìpanu. Ọmọ mi ń to kéèkì lẹ́yìn. Wọ́n fi èmi síwájú, èmi bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n!

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Mo ti pa orúkọ olè yìí dà o, kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n." Ó wá ní ọlọ́wọ́ òsì ni, tó bá wọlé onílé, á bọ́ bàtà, á kọ́kọ́ jẹun nílé ìdáná. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní onígbàjámọ̀ olójú kan ni bàbá ẹ̀.

Hà! Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo wẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì lọmọ mi fi gbé tíréè. Ìyá oníbúrẹ́dì rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kàn há báàgì ẹ̀ mọ́ abíyá. Ọmọ mi bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tó parí, ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá mi, kéèkì kún ẹnu ẹ̀. "Bàbá, ẹ wá ká ya fọ́tò."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Bàbá, mi ò ṣáà dárúkọ ẹ̀!"

"O ò dárúkọ ajá, o ní ohun kan ń gbó, ó ń jùrù!"

"Ìwádìí ni, bàbá."

"O wọlé mi, o bọ́ bàtà, o jẹun, o kó ọmọ mi lọ. Tìẹ tiẹ̀ burú jù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Mo tutọ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn wọn.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ti fọ aṣọ iṣẹ́ tí ìyá oníbúrẹ́dì fún un, ó ti sá a. Ó ní tó bá gbẹ, kí n bá òun dá a padà.